Kátúùnù lè kọ́ ọmọ bí wọ́n ṣe ń sọdá títì, ta ló máa kọ́ dírẹ́bà?

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ bí kátúùnù ṣe lágbára tó, ẹ pe ọmọ ọdún mẹ́rin kan ní àdúgbò yín, kẹ́ ẹ ní kó kọ ọ̀kan nínú àwọn orin Cocomelon. Á kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, á tún jó o fún yín. Ọmọ tí kò tíì mọ nọ́ńbà fóònù ìyá ẹ̀ ti há orin bọ́ọ̀sì tí táyà ẹ̀ ń yí sórí. Ohun tí orin yẹn ò sọ fún un ni pé ọ̀kadà lè yọ lójijì lẹ́yìn bọ́ọ̀sì náà.

Ìdí nìyí tí mo fi wà lẹ́yìn àwọn tó ń sọ pé ká máa fi kátúùnù kọ́ àwọn ọmọ wa bí èèyàn ṣe ń lo títì láì farapa. Wọn ò parọ́. Ọmọdé ò ní ka ìwé òfin ìrìnnà, kò sì ní jókòó gbọ́ ìwàásù ọ̀gá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó fún wákàtí kan. Ṣùgbọ́n á wo eré oníṣẹ́jú méjì lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lójúmọ́, kò sì ní sú u. Ibi tí ọ̀nà èmi àti wọn ti pín ni orí ẹni tí ẹ̀kọ́ inú eré náà ń bá wí, àti ohun tó yẹ kó ti wà lójú títì kí ọmọ tó gbé báàgì kọ́rùn jáde nílé.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe wúwo tó. Nínú ìròyìn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, gbé jáde lọ́dún 2023, wọ́n ní ìjàǹbá ojú pópó ló ń pa àwọn tó wà láàárín ọdún 5 sí 29 jù lọ káàkiri àgbáyé. Gbogbo ẹni tó ń bá a lọ lọ́dún kan tó mílíọ̀nù 1.19. Nílé níbí, àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, ní èèyàn 5,421 ló kú lójú títì Nàìjíríà lọ́dún 2024. Ìyẹn àwọn tí wọ́n rí kọ sílẹ̀ o. Ọmọ tí ọ̀kadà gbá ní ìgbèríko, tí wọ́n gbé lọ sílé, tó kú lọ́jọ́ kẹta, ta ló kà á mọ́ ọn?

Ìlú ìyá mi ni Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, ìlú Ajálọ́run, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ijebu East, ìpínlẹ̀ Ògùn. Olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ náà, Ògbèrè, wà lójú ọ̀nà márosẹ̀ Ṣágámù sí Benin, níbi tí tírélà àti bọ́ọ̀sì tó ń sáré lọ sí Ọ̀rẹ̀ ti ń kọjá tọ̀sán-tòru. Ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ fúnra ẹ̀, bí ilé-ìwé bá fẹ́ wọlé láàárọ̀, ẹ máa rí ọmọ ọdún mẹ́jọ tó di ọwọ́ àbúrò ẹ̀ ọmọ ọdún márùn-ún mú, tí àwọn méjèèjì ń rìn lọ létí títì. Etí títì tí mo wí yìí, ibi tí ọ̀dà parí sí gan-an ni. Ọ̀kadà á kọjá pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta, ọ̀kan lórí táǹkì, méjì lẹ́yìn. Ọkọ̀ akẹ́rù tó kó ẹ̀gẹ́ á tẹ̀ lé e, á fọn fèrè bí ẹni pé fèrè ni bíréèkì. Ọmọ ọdún mẹ́jọ yìí ló ń ṣe ìyá, ló ń ṣe tíṣà, ló tún ń ṣe ẹ̀ṣọ́ ojú pópó fún àbúrò ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ya kátúùnù fún un gbọ́dọ̀ mọ irú òwúrọ̀ bẹ́ẹ̀.

Kátúùnù òyìnbó tí ọ̀pọ̀ òbí ń ṣí fún ọmọ wọn lórí YouTube kò mọ̀ ọ́n. Kódà, òmíràn nínú wọn lè ṣe ọmọ ní jàǹbá. Ẹ má rò pé mo ń sọ àsọdùn. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, apá òsì ni ọkọ̀ ń gbà. Ọkọ̀ tó máa kọ́kọ́ kan ẹni tó fẹ́ sọdá níbẹ̀ ń bọ̀ láti ọwọ́ ọ̀tún. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ wọn pé: wo ọ̀tún, wo òsì, tún wo ọ̀tún. Àwa náà ń gba apá òsì nígbà kan, torí bí wọ́n ṣe fi sílẹ̀ fún wa la ṣe ń lò ó, títí di ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972 tí Nàìjíríà yí padà sí apá ọ̀tún. Láti ọjọ́ náà, ọwọ́ òsì ni ewu ti ń kọ́kọ́ yọ sí ẹni tó dúró létí títì. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ tó bá há orin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sórí, tó wá kọ́kọ́ kọjú sí ọ̀tún bó ṣe ń gbé ẹsẹ̀ sórí ọ̀dà, ti kẹ̀yìn sí ọkọ̀ tó súnmọ́ ọn jù. Orin náà dùn, àwòrán ẹ̀ rẹwà, àmọ́ títì ẹlòmíì ló ń kọ́ ọ.

Kẹ́ ẹ wá sọ pé ká kàn yí i padà sí "wo òsì, wo ọ̀tún, tún wo òsì", ìyẹn náà ò tíì tó. Ṣé ọ̀kadà tó ń gba wan-wéè ló máa ti ọwọ́ òsì wá ni? Ṣé ìgbà tí apá kan márosẹ̀ bá bàjẹ́, tí gbogbo ọkọ̀ bá rọ́ sí apá kejì tí wọ́n ń kọjú síra wọn, ni orin yẹn máa ṣiṣẹ́? Ọmọ wa gbọ́dọ̀ wo ibi mẹ́rin: òsì, ọ̀tún, ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì tó dúró, àti ojú dírẹ́bà fúnra ẹ̀, kó rí i pé ẹni yẹn ti rí òun. Ti bọ́ọ̀sì tó dúró yìí, kò sí bí mo ṣe lè tẹnu mọ́ ọn tó. Ọmọ á sọ̀ kalẹ̀ nínú kóróòpe, inú ẹ̀ á máa dùn pé òun ti délé, á sì gba iwájú ọkọ̀ náà sọdá. Dírẹ́bà tó ń bọ̀ lẹ́yìn ò rí i, òun náà ò rí dírẹ́bà. Ìṣẹ́jú àáyá méjì péré. Bí mo bá ní owó kátúùnù kan ṣoṣo láti ná, ibẹ̀ yẹn ni máa ná an sí: dúró, jẹ́ kí ọkọ̀ náà lọ ná.

Ó dáa. Ká gbà pé a ti ya kátúùnù tó mọ ọ̀nà wa. Ìbéèrè tó kàn ni pé ṣé ó máa dín òkú kù? Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí mo bẹnu àtẹ́ lu orin wọn yìí ló ti gbìyànjú ẹ̀ pẹ́ jù, ẹ jẹ́ ká wo tiwọn.

Lọ́dún 1953, obìnrin kan tó ń jẹ́ Elsie Mills ní RoSPA, àjọ tó ń gbógun ti ìjàǹbá níbẹ̀, dá ọ̀kẹ́rẹ́ kan sílẹ̀ nínú ìtàn tó pè ní Tufty. Lọ́dún 1961 wọ́n dá ẹgbẹ́ Tufty sílẹ̀ fún àwọn ọmọdé. Nígbà tó yá, ọmọ ẹgbẹ́ náà tó mílíọ̀nù méjì. Lọ́dún 1973, wọ́n sọ Tufty di eré kéékèèké fún tẹlifíṣàn, èyí tí wọ́n fi ère ṣe, tí wọ́n ń yà á díẹ̀díẹ̀ títí tó fi dà bí ẹni pé ó ń rìn. Nínú ọ̀kan lára wọn, ọ̀rẹ́ Tufty tó ń jẹ́ Willy sáré lọ ra áìsìkirímù láì mú ìyá ẹ̀ dání, ọkọ̀ sì gbá a. Tufty ní tiẹ̀ dúró de ìyá tiẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n fà yọ fún ọmọdé ni pé ohun tó ṣe Willy, àìmú ìyá ẹ̀ lọ́wọ́ ló fà á.

Ẹ̀kọ́ náà wúlò, mi ò ní kí wọ́n má kọ́ ọmọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tó jẹ̀bi nínú ìtàn yẹn: ọmọ tí wọ́n gbá. Ẹni tó wà nídìí ọkọ̀ kò ní ẹ̀kọ́ kankan láti kọ́. Ọmọ tó bá dàgbà sínú irú eré yìí á gbà nínú ọkàn ẹ̀ pé ọkọ̀ ló ni títì, àwa ẹlẹ́sẹ̀ kàn ń tọrọ ààyè ni. Ní ogún ọdún sí i, òun náà á wà nídìí ọkọ̀, ohun tó gbà gbọ́ nìyẹn.

Lóòótọ́, iye ọmọ tó ń kú lójú títì wọn kù. Kí ló fà á? Lọ́dún 1990, ọ̀gbẹ́ni Mayer Hillman àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ gbé ìwádìí kan jáde tó ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu. Lọ́dún 1971, nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ ọdún méje sí mẹ́jọ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, 80 ló ń dá lọ sílé-ìwé láìsí àgbà. Nígbà tó fi máa di 1990, ó ti ṣẹ́ kù sí 9. Àlàyé Hillman ni pé títì kọ́ ló dáa sí i: àwọn òbí ló kó ọmọ wọn kúrò níbẹ̀. Wọ́n kó wọn sínú mọ́tò. Ìyá tó wà ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, tó ń ta gàárì lọ́jà, mọ́tò wo ló fẹ́ kó ọmọ sí? Ẹsẹ̀ ọmọ ni mọ́tò ọmọ.

Àwọn onímọ̀ ìlera náà ti yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò. Lọ́dún 2002, ìwé ìròyìn àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, BMJ, gbé àkójọ ìwádìí 15 jáde lórí ẹ̀kọ́ ààbò fún àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn. Wọ́n rí i pé irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ lè mú kí ọmọ mọ ohun tó yẹ kó ṣe, ó sì lè yí bó ṣe ń sọdá padà. Àmọ́ nínú gbogbo mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kò sí ọ̀kan tó wò ó bóyá iye ọmọ tí ọkọ̀ ń gbá dín kù. Kò sì sí ọ̀kan tí wọ́n ṣe ní orílẹ̀-èdè tálákà. Ẹni tó bá wá ń fi ọwọ́ sọ̀yà pé kátúùnù òun máa gba ẹ̀mí là, ẹ ní kó rọra.

Ìwádìí mìíràn wà tí mi ò lè gbàgbé láti ìgbà tí mo ti kà á. Ọ̀jọ̀gbọ́n John Wann àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ní Royal Holloway, yunifásítì kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dán ojú àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wò. Ohun tí wọ́n rí ni pé bí ọkọ̀ tó ń bọ̀ bá ti ń sáré ju nǹkan bíi kìlómítà 32 ní wákàtí kan lọ, ọmọdé lè má mọ̀ pé ó ń bọ̀ rárá. Ọmọ yẹn wo òsì, ó wo ọ̀tún, ó ṣe gbogbo ohun tí kátúùnù ní kó ṣe. Ó rí ọkọ̀ náà. Ojú ẹ̀ kàn sọ fún un pé ó dúró síbì kan ni. Àgbà tó dúró tì í rí i pé ọkọ̀ ń bọ̀, torí ojú àti ọpọlọ àgbà ti gbó.

Ẹ wá fi èyí wé òfin wa. Nàìjíríà fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ láyè láti sá kìlómítà 50 ní wákàtí kan nínú ìlú. Ká ní gbogbo dírẹ́bà ń pa òfin yẹn mọ́ (ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín), eré tí òfin gbà ṣì ju èyí tí ojú ọmọdé lè ṣírò lọ. Ìpàdé àgbáyé tó wáyé ní Stockholm lóṣù kejì ọdún 2020 ti sọ ọ́ pé ibi tí ẹlẹ́sẹ̀ àti ọkọ̀ bá ti pàdé, ká má jẹ́ kó ju 30 lọ. Ta ló ti sọ fún dírẹ́bà tó ń gba iwájú ilé-ìwé kọjá? Kò sí kátúùnù tó lè kọ́ ojú ọmọ ọdún mẹ́fà ní ohun tí kò tíì dàgbà tó láti ṣe. Ọkọ̀ ló gbọ́dọ̀ dín eré kù.

Òfin gbogboogbò tí a jogún mọ èyí tipẹ́. Ẹjọ́ kan wà tí wọ́n fi kọ́ wa ní kíláàsì, Gough àti Thorne, ọdún 1966. Ọmọbìnrin ọdún mẹ́tàlá àti ààbọ̀ kan dúró létí títì pẹ̀lú àwọn arákùnrin ẹ̀. Dírẹ́bà lọ́rì dúró fún wọn, ó nawọ́ dá àwọn tó kù dúró, ó sì ní kí wọ́n máa sọdá. Wọ́n gbé ẹsẹ̀. Ọkọ̀ kan ya lọ́rì náà sílẹ̀, ó gbá ọmọbìnrin yẹn. Adájọ́ àkọ́kọ́ ní ọmọ náà jẹ̀bi díẹ̀, torí ó yẹ kó yọjú wò kọjá lọ́rì kó tó tẹ̀ síwájú. Ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, tí Lord Denning wà níbẹ̀, da èyí nù. Wọ́n ní a kì í fi òṣùwọ̀n àgbà wọn ọmọdé. Ìdájọ́ yẹn ò de adájọ́ Nàìjíríà lọ́wọ́, àmọ́ ọgbọ́n inú ẹ̀ bá ti ilé wa mu: ọmọdé ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Bí òfin ò bá retí kí ọmọ ọdún mẹ́tàlá ronú bí àgbà lójú títì, kí ló dé tí kátúùnù wa á fi gbé gbogbo ẹrù náà lé ọmọ ọdún mẹ́fà lórí?

Ibi tí mo ti rí àpẹẹrẹ tó tẹ́ mi lọ́rùn kò jìnnà sí irú ìgbésí ayé tiwa. Dar es Salaam ni, ní Tanzania. Àjọ kan tó ń jẹ́ Amend bẹ̀rẹ̀ ètò kan níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní SARSAI. Wọ́n á lọ sí ilé-ìwé tí ọkọ̀ ti ń gbá ọmọ jù, wọ́n á bá àwọn ọmọ rìn ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wá, wọ́n á wo ibi tí ewu wà. Lẹ́yìn náà wọ́n á ṣe ojú ẹsẹ̀ fún wọn, wọ́n á da bọ́ǹpù, wọ́n á kun ìlà funfun síbi tí wọ́n ń sọdá, wọ́n á ri òpó mọ́lẹ̀ kí ọkọ̀ má lè gun ibi tí ọmọ ń rìn. Níbòmíràn, ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé tó kọjú sí títì ńlá ni wọ́n dí, tí wọ́n ṣí òmíràn sí ẹ̀yìn. Ìgbà tí gbogbo ìyẹn ti wà nílẹ̀ ni wọ́n wá jókòó ti àwọn ọmọ, wọ́n kọ́ wọn. Nígbà tí wọ́n ṣe ìwádìí, wọ́n rí i pé iye ọmọ tó ń farapa fi ìdá 26 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù. Lọ́dún 2019, ètò náà gba ẹ̀bùn Ross tí àjọ WRI ń fún àwọn tó bá tún ìlú ṣe, 250,000 dọ́là owó Amẹ́ríkà. Bọ́ǹpù àti ọ̀dà funfun o, kì í ṣe bírí́jì.

Ẹ ò rí i pé ètò yẹn ò ta ko ẹ̀kọ́. Bí wọ́n ṣe tò ó ló jẹ́ kó jọ mí lójú: títì ni wọ́n kọ́kọ́ tún ṣe. Lọ́dọ̀ wa ńkọ́? A máa ń ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́, a máa ń pín kápù àti ti-ṣẹ́ẹ̀tì, a máa ń ya fọ́tò, a ó sì fi títì sílẹ̀ bó ṣe wà. Kátúùnù lè tètè di irú ti-ṣẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀. Ó rọrùn, ó dùn ún wò, ó ṣeé fi sórí Instagram ìjọba, kò sì bí dírẹ́bà kankan nínú.

Ta ló ni iṣẹ́ yìí? Òfin tó gbé FRSC kalẹ̀ ní 2007, ní abala 10, kà á mọ́ iṣẹ́ wọn láti kọ́ awakọ̀ àti gbogbo aráàlú bí wọ́n ṣe ń lo ọ̀nà. Ẹ̀kọ́ jẹ́ ojúṣe wọn nígbà náà, láti ọjọ́ tí Wọlé Ṣóyínká ti jẹ́ alága wọn àkọ́kọ́ ní 1988 ni wọ́n sì ti mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀. TRACE wà fún ìpínlẹ̀ Ògùn. Ṣùgbọ́n bọ́ǹpù iwájú ilé-ìwé ní àdúgbò, ìjọba ìbílẹ̀ ni. Ẹ ṣí ìwé òfin orílẹ̀-èdè yìí ti 1999, àfikún kẹrin, ẹ máa rí títì, òpópónà, iná ojú pópó àti gọ́tà láàárín iṣẹ́ tí wọ́n kọ fún ìjọba ìbílẹ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́wọ́ wọn tààrà, kí gómìnà má bá wọn mú un mọ́. Bí ìdájọ́ yẹn ṣe ń rìn sí lónìí, ẹjọ́ ọjọ́ mìíràn nìyẹn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé alága tó bá ń sọ pé Àbújá ló ni gbogbo títì, ẹ ní kó fi àfikún kẹrin hàn yín. Ti márosẹ̀ nìkan ni Àbújá ní lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí kátúùnù, torí mo ṣì fẹ́ ẹ, mo sì mọ irú èyí tí mo fẹ́.

Yorùbá ni kó sọ. Ẹni tó bá ní kò ṣeé ṣe, kó lọ wo Bino and Fino, kátúùnù tí Adamu Waziri àti àwọn ènìyàn ẹ̀ ń ṣe ní Àbújá, tí wọ́n ti sọ di Yorùbá. Kó wo SAWBO náà, ètò tó bẹ̀rẹ̀ ní yunifásítì Illinois ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2011. Àwọn ń ya kátúùnù kéékèèké lórí ìlera àti iṣẹ́ àgbẹ̀, wọ́n ń fi ohùn sí i ní oríṣiríṣi èdè, Yorùbá wà lára wọn, wọ́n sì ń jẹ́ kí èèyàn gbà á lọ́fẹ̀ẹ́ kó máa fi ránṣẹ́ láti fóònù dé fóònù. Kò ní àrà kankan, àwòrán ẹ̀ ò dán bí ti Iwájú tí Disney àti Kugali gbé jáde ní 2024. Ó ń ṣiṣẹ́ ẹ̀ ni tiẹ̀. (Nínú Iwájú, ọkọ̀ ń fò lókè Èkó. Àwọn ọmọ ibẹ̀ ti bọ́.) Kó má ju ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ lọ, kó má wúwo, kí ìyá ọlọ́jà lè gbà á lórí WhatsApp láì jẹ gbogbo dátà ẹ̀.

Ìjàpá ni mo fẹ́ kó wà nínú ẹ̀. Mo mọ̀ pé wọ́n ti lò ó títí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sú èèyàn, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ tèmi ná. Ẹ má fi Ìjàpá ṣe ọmọ tó ń sọdá. Ẹ gbé e gun ọ̀kadà. Òun tó lọ́gbọ́n ju gbogbo ẹranko lọ, tó mọ àbùjá, tó mọ wan-wéè, tó máa ń sọ pé "mo ti mọ̀ ọ́n wà, ẹ má dà mí láàmú". Ọ̀dọ̀ Ìjàpá ni kí ẹjọ́ wà, kó gbọ́ ọ ní ojúkojú, kí Yánníbo bá a wí níwájú gbogbo ọjà. Ọmọ tó ń wo ó á mọ bí òun ṣe máa dúró, á sì tún mọ̀ pé ẹni tó ń sáré yẹn ló ń ṣe ohun tí kò dáa. Bàbá ẹ̀ tó ń gun ọ̀kadà, tó wà lẹ́yìn ọmọ tó ń fojú kan fóònù náà, á gbọ́ ohun tó kàn án.

Nǹkan kan tún wà tí kátúùnù òyìnbó ò lè ṣe fún wa láé. Lọ́dọ̀ wa, ọmọdé kì í sọ fún àgbà pé kó rọra sáré. Ọmọ tó wà lórí ọ̀kadà, tí ẹ̀rù ń bà á, tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ ẹ lójú, kò ní la ẹnu. Bó bá là á, wọ́n lè ní ó yájú. Mo fẹ́ kí kátúùnù náà fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu, ọ̀rọ̀ tó ní ọ̀wọ̀ nínú tí àgbà kankan ò lè bínú sí: "Bọ̀ọ́dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa rọra, ẹ̀rù ń bà wá." Kí àwọn ọmọ gbọ́ ọ lẹ́nu akẹgbẹ́ wọn nínú eré, kí wọ́n fi ṣe orin ní iléèwé. Kí ọlọ́kadà náà sì rí i nínú eré kan náà pé ọlọ́kadà gidi máa ń dáhùn pé "ó dáa, má bẹ̀rù", á sì tẹ bíréèkì. Ọ̀rọ̀ kékeré ni. Mo gbà pé yóò dín ìfarapa kù ju orin nípa àwọ̀ iná tráfíìkì lọ, ní ìlú tí ọmọ lè dàgbà láì rí iná tráfíìkì kan.

Kí wọ́n má wá fi hàn ní ilé-ìwé nìkan. Gáréèjì ni kí wọ́n gbé e lọ, ibi tí àwọn ọlọ́kadà àti oníMárúwá ti ń dúró de èrò. Kí wọ́n gbé e sórí OGTV ṣáájú ìròyìn. Kí wọ́n fi hàn ní ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sálásí tó bá ní ẹ̀rọ ìwòran. Ẹni tó bá wá gba lísẹ́ǹsì, kí wọ́n ní kó kọ́kọ́ jókòó wò ó.

Ní ti owó, Ìjẹ̀bú ò lè sọ pé kò sí ẹni tó lè ṣe é. A ní régbérégbé. Àwọn tó ń dá aṣọ olówó iyebíye fún Ojúde Ọba lọ́dọọdún lè da bọ́ǹpù méjì síwájú ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan, bí ìjọba ìbílẹ̀ bá buwọ́ lù ú. Mi ò bẹnu àtẹ́ lu aṣọ o, èmi náà fẹ́ràn ẹ̀.

Mo ti ń kọ lẹ́tà sí alága ìjọba ìbílẹ̀ ní Ògbèrè lọ́wọ́. Mo ní kí wọ́n bá mi wá àkọsílẹ̀ gbogbo ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó kọjú sí títì ọlọ́dà ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ àti àwọn abúlé ẹ̀. Mo ní kí wọ́n sọ èyí tó ní bọ́ǹpù, èyí tó ní ìlà funfun, èyí tí kò ní nǹkan kan. Mo tún bèèrè iye tí wọ́n kọ sínú ìwé ìṣúná ọdún yìí fún títì àdúgbò, òfin òmìnira ìròyìn ti 2011 sì fún wọn ní ọjọ́ méje láti dáhùn. Fídíò oníṣẹ́jú kan ààbọ̀ náà, mo kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ lẹ́tà pé a lè bá wọn wá ẹni tó máa yà á.